Orí Ilẹ̀ Wo Ni Fáìlì Wa Wà?

Leeds,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi, ẹ kú àdúrà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ẹ ó ti bọ́ aṣọ funfun yín kọ́, ẹ ó sì ti gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré iwájú tẹlifíṣọ̀n. Ara mi le. Òtútù ibí ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ rántí pé a jọ fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ tó bá nípọn, ká máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ara wa. Lórí fóònù, ẹ̀yin á máa sọ, èmi náà á máa sọ, nígbà tó bá yá a ó gé e láìgbọ́ ara wa. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ímeèlì yìí nìyẹn.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo fi ṣáájú. Ètò kọ̀ǹpútà tí èmi àti Olúsọjí ṣe, èyí tí ẹ ń fi tọ́jú fáìlì àwọn aboyún ní kílíníìkì Agbowó, ìjọba ti rí i, ó sì wù wọ́n. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ilé ìwòsàn wọn káàkiri Ìbàdàn máa lò ó. Láti ọ́fíìsì wa ní Ring Road ni Olúsọjí ti ń lọ bá wọn ṣèpàdé, ó sì ṣe é dáadáa.

Ohun kan ló kù. Òfin sọ pé àkọsílẹ̀ àwọn tí ìjọba ń tọ́jú gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà nínú Nàìjíríà. Tiwa kò sí níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Ireland ni a ti háyà kọ̀ǹpútà tí gbogbo fáìlì wà lórí rẹ̀. Bí a kò bá kó wọn wálé kí oṣù Kẹjọ tó parí, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Kílíníìkì Agbowó pàápàá, nítorí àwọn aboyún tí ìjọba ń rán wá síbẹ̀, a ó ní láti pa ètò náà níbẹ̀.

Nítorí náà, mò ń wá ilé iṣẹ́ tí yóò bá wa gbé fáìlì wọ̀nyí sílé. Dátà sẹ́ńtà ni wọ́n ń pè é: ilé tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà ńláńlá sí, tí iná kì í kú níbẹ̀, tí ẹ́síì kì í sinmi, tí wọ́n ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Ọ̀kan wà ní Èkó, ó tóbi gan-an. Ọ̀kan wà ní Challenge, ní Ìbàdàn níbẹ̀, tuntun ni. Dádì Jẹ́ríkò náà sì pè mí. Wọ́n ní ọ̀kan wà ní Dùgbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni alága ibẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wò wọ́n. Ẹ ti ṣe mátírọ̀nù pẹ́. Ẹ ó mọ ilé tí wọ́n ń tọ́jú yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n kàn kùn lọ́dà.

Èmi ọmọ yín,
Ọmọ́bọ́láńlé.


Bódìjà, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹrin, 2025.

Ọmọ́bọ́láńlé, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? A ṣe ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ lónìí, mo gba àdúrà sí ọ lórí. Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun.

Lẹ́yìn ìyẹn, inú mi kò dùn sí lẹ́tà rẹ. Mo kà á, mo tún un kà, mo ń wò ó pé bóyá ojú mi ni. Ireland. Ìgbà wo ni fáìlì wa dé Ireland? Èmi ni mo dìde níwájú àwọn obìnrin Agbowó ní ọjọ́ aboyún, tí mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí a kọ orúkọ wọn sínú kọ̀ǹpútà dípò páálí. Islamiat, ìyá tó ń ta bàtà ní ẹ̀gbẹ́ géètì Yunifásítì, òun ló nawọ́. Ó ní, “Mátírọ̀nù, ta ló máa máa kà á?” Mo ní, “Kò sí ẹni tó máa kà á kọjá ilé yìí.” N kò ní sọ ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tó fi béèrè. Mo fi orúkọ mi dúró fún un. Nísinsìnyí, o ń sọ fún mi pé fáìlì ọ̀hún ti ré òkun kọjá, n kò sì mọ̀.

Tèmi náà wà níbẹ̀, nítorí a kọ ti àwa òṣìṣẹ́ sí i pẹ̀lú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, oògùn mi, gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí o ti sọ fún mi.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé ìjọba ń wá ọ ni? Má fi pamọ́ fún mi. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ní ọlọ́pàá nínú, sọ ọ́, kí n mọ irú àdúrà tí n ó gbà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí la tún ń wò káàkiri sí? Ẹ̀gbọ́n mi, Dádì Jẹ́ríkò rẹ, ti bá mi sọ ọ́. Nígbà tí bàbá rẹ kú, ta ló gbé ọ lọ sí Jẹ́ríkò, tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ọ lọ sí iléèwé ní àárọ̀? Bí wọ́n bá ní àwọn ní ilé ìpamọ́ ní Dùgbẹ̀, fún wọn níṣẹ́ náà. Èkó jìnnà, n kò sì mọ ará Challenge kankan.

Ìyá rẹ,
Fọláwùmí Àyànníyì.


Leeds,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹrin, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀. Ẹ má bínú sí mi.

Kò sí ọlọ́pàá nínú rẹ̀. Ìjọba kò wá mi. Òfin ni wọ́n ní ká tẹ̀ lé, bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ilé ìwòsàn ní ẹ̀rọ ìpaná. Ẹni tó bá ṣe é ní àkókò kò ní wàhálà kankan.

Ní ti Ireland, a ti ìlẹ̀kùn mọ́ fáìlì wọ̀nyẹn débi pé àwọn tó ni kọ̀ǹpútà náà kò lè kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí wọn wà lọ́wọ́ èmi àti Olúsọjí nìkan. N kò ṣí tiyín rí, n kò sì ní ṣí i. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ẹ sọ: ẹ̀yin lẹ fi orúkọ yín dúró, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí. N ó tún un ṣe.

Ti Dádì Jẹ́ríkò ló le jù. Bàbá tí mo mọ̀ nìyẹn. Bí mo bá gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn, n kò mọ ojú tí n ó fi wò wọ́n nígbà tí mo bá wálé. Inú mi á dùn bó bá jẹ́ pé ilé tiwọn ló dára jù. Ṣùgbọ́n, Màmá, fáìlì àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe tèmi tí mo lè fi ṣe ìmoore. Ẹ lọ wò ó bí ẹ ṣe máa ń wo wọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ní kí wọ́n ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn. Ohun tí ẹ bá bi wọ́n tí wọn kò lè dáhùn, ẹ sọ fún mi. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe lẹ́yìn náà ni n ó ṣe.

Èmi ni,
Bọ́láńlé yín.


Bódìjà,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún, 2025.

Bọ́láńlé,

Mo ti gbọ́ àlàyé rẹ. Ó tù mí nínú díẹ̀, kì í ṣe tán.

Ẹ̀gbọ́n mi wá sí Bódìjà lánàá. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àyànkúnlé dání, òun ni máníjà ibẹ̀. Wọ́n gbé ìwé aláwọ̀ mèremère fún mi, àwòrán kọ̀ǹpútà ló kún inú rẹ̀. Mo ní ìwé náà dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ wá fojú ara mi rí i. Ojú wọn yí padà díẹ̀.

Wọ́n ní, “Fọláwùmí, ṣé o fẹ́ wá yẹ̀ mí wò ni?”

Mo ní, “Rárá, sà. Ilé ni mo fẹ́ wò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wá ní Ọjọ́bọ̀, àwọn á fi ọkọ̀ gbé mi. Olúsọjí ló yẹ kó bá mi lọ, ṣùgbọ́n ibà ti dá a dùbúlẹ̀ láti àná. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé fóònù. Mo ní kó sinmi, n ó lọ fúnra mi. Bí mo bá dé, n ó kọ̀wé sí ọ.

Fi àwòrán ránṣẹ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, o gbẹ.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú òjò. Mo rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ó pọ̀ ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yìí.

Mo ti ń retí lẹ́tà yín láti Ọjọ́bọ̀ tí ẹ lọ sí Dùgbẹ̀. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ẹ lọ, ẹ dé, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa òrùlé tó ń jò ní ilé ìdáná. Nígbà tí mo tún pè, ẹ ní ẹ ń lọ sí ìṣọ́ àdúrà. Dádì Jẹ́ríkò sọ fún mi pé ẹ wá, pé inú yín dùn, pé ẹ tilẹ̀ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́dọ̀ àwọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Olúsọjí ti gbádùn. Ó fẹ́ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n máníjà wọn ń sún un síwájú, lónìí wọ́n ń tún yàrá ṣe, lọ́la àlejò wọn pọ̀. N kò fẹ́ ro ohun tí kò yẹ. Àkókò ló ń lọ. Kíkó fáìlì wálé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ̀yin ìyá mi.

Bọ́láńlé.


Leeds,
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, 2025.

Màmá,

Ẹ kò fèsì. Dádì Jẹ́ríkò ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹ ti fọwọ́ sí i, pé ẹ kàn ń dúró kí èmi náà ṣe tèmi. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí kí Iléyá tó dé. Olúsọjí ní kí n má tíì yára, ṣùgbọ́n kò ní ohun kan pàtó tó lè nawọ́ sí, ọ̀rọ̀ yín ni mo sì sọ pé n ó tẹ̀ lé.

Dídákẹ́ tí ẹ dákẹ́, mo ti gbà á sí “bẹ́ẹ̀ ni.” Ní Ọjọ́bọ̀ yìí, n ó buwọ́ lùwé.

Ọmọ yín,
Ọmọ́bọ́láńlé.


Bódìjà,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, 2025.

Bọ́láńlé,

Má buwọ́ lù ú. Mo fi ìyẹn ṣáájú ìkíni, kí o lè rí i kí o tó ka ìyókù.

Mo dé Dùgbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, ibẹ̀ tutù. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga alága, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fún mi lóòótọ́. Àyànkúnlé mú mi dé yàrá onídígí kan, kọ̀ǹpútà díẹ̀ wà níbẹ̀ tí iná wọn ń ṣẹ́jú. Mo bi í pé, “Èwo nínú wọn ló máa gbé fáìlì àwọn ará Agbowó?”

Ó ní, “Mummy, kò ní sí níbí gan-an. Inú kíláòdù ló máa wà, kọ̀ǹpútà tí a ń lò láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

Mo ní, “Mo gbọ́. Kíláòdù náà, orí ilẹ̀ wo ló wà?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà. Kò fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló ní, “Fi hàn án, kí ni o ń bò?” Ó ṣí i. N kò mọ ìdajì ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí Frankfurt. Mo mọ Frankfurt. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú tó gbé mi wá bá ọ ti já wa sílẹ̀, tí mo jókòó tí mo ń di àpò mi mú. Mo ní, “Ọmọ mi, ṣé Jámánì kọ́ nìyí?”

Ó ní, “Mummy, ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ni wá o. A forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ìwé wa pé. A kàn ń bá wọn háyà àyè níbẹ̀ ni. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.”

Mo ní, “Ireland tí ọmọ mi ti fẹ́ kó fáìlì kúrò, kí ló fi yàtọ̀ sí Jámánì?”

Àyànkúnlé pa kọ̀ǹpútà náà dé. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Bọ́láńlé, wọn kò mọ̀. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn kò mọ̀. Àga ni wọ́n fún wọn, wọ́n fi orúkọ wọn sí iwájú ilé, wọn kò fi ohun tó wà lẹ́yìn ògiri hàn wọ́n. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi padà títí a fi kọjá Mọ́kọ́lá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní, “Fọláwùmí, má tíì sọ fún ọmọ yẹn. N ó ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ tiwọn. Dákẹ́ fún mi ná.”

Mo sì dákẹ́. Nígbà kan tí wọ́n sọ fún mi pé n kò ní dá tọ́ ọ, wọ́n mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ. Mo ní kí n dúró dè wọ́n. Mo ń dúró, n kò rí ẹ̀rọ, ìwé àdéhùn ni mo gbọ́ pé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ. N kò fọwọ́ sí ohunkóhun.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ ti àná, mo wọ takisí, mo lọ sí Jẹ́ríkò ní àárọ̀ yìí. N kò fẹ́ kọ̀wé sí ọ lẹ́yìn wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dìde. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń lọ sílé lọ sọ fún Bọ́láńlé.”

Wọ́n ní, “O máa tú mi síhòòhò lójú ọmọ tí mo tọ́?”

Mo ní, “Ọmọ tí ẹ tọ́ náà ni ìjọba máa mú lórí rẹ̀, sà.”

Wọ́n gbé ìwé ìròyìn, wọ́n fi bo ojú. Mo jáde. Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, 2025.

Màmá mi,

N kò buwọ́ lù ú. Ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú bí mi. Ẹ ti mọ̀ láti bí oṣù kan, ẹ jẹ́ kí n máa bá wọn ka ìwé àdéhùn. Bí a bá kó fáìlì lọ síbẹ̀, tí àwọn ìjọba wá wò ó, iṣẹ́ lọ, orúkọ lọ, Olúsọjí náà á pàdánù. Nígbà tí mo jẹun tán tí mo tún lẹ́tà yín kà, ìbínú náà rọ̀. Mo ń rò ó bí ẹ ṣe rìn wọ inú pálọ̀ Jẹ́ríkò yẹn. Èmi kò ní lè ṣe é.

Mo pe Dádì. Mo sọ pé, “Dádì, n kò ní lè bá ilé iṣẹ́ yín ṣe é bó ṣe wà yìí. Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà tiyín kalẹ̀ ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ pè mí.” Wọ́n ní, “Mo gbọ́.” Wọ́n pa fóònù. Mo jókòó, mo sunkún díẹ̀, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó ku Èkó àti Challenge. Olúsọjí á gbé yín lọ sí Challenge lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè tí ẹ bi Àyànkúnlé, ẹ tún un bi níbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sórí tábìlì mi: orí ilẹ̀ wo? Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn láìwojú ẹnikẹ́ni ni n ó bá ṣe.

Bọ́láńlé.


Bódìjà,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà, 2025.

Ọmọ́bọ́láńlé,

A ti dé Challenge. Bó ṣe rí rèé.

Ní géètì, wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀ mi, wọ́n gba fóònù mi, wọ́n gba àpò mi pàápàá. Mo fárígá. Mo ní èmi mátírọ̀nù, wọ́n fẹ́ tú àpò mi. Olúsọjí ń rẹ́rìn-ín sí mi lábẹ́lẹ̀. Obìnrin kan jáde, Ẹńjíníà Peculiar lorúkọ rẹ̀, kò ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Bí mo bá jẹ́ kí ẹ gbé àpò wọlé, ẹlòmíràn náà á gbé e wọlé tọ fáìlì yín lọ.” Mo kó àpò fún wọn.

Mo bi í ní ìbéèrè wa. Ó gbé ẹsẹ̀, ó tẹ ilẹ̀. Ó ní, “Orí eléyìí, mà.” Ó sì mú mi lọ síwájú kọ̀ǹpútà tí yóò gbé fáìlì náà, mo fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn irin rẹ̀. Ariwo fáànù ibẹ̀ kò jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Mo ní kó pa iná. Ó wò mí. Mo ní, “Pa á, kí n rí i.” Ó sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n já iná NEPA. Ariwo fáànù yẹn kò yí padà rárá, bátìrì ló gbé e. Kí n tó ka ohun tó wà lára ògiri tán, jẹnẹrétọ̀ ti gbà á.

Ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi fà sí i ni ohun tó sọ kẹ́yìn. Ó ní, “Mà, n kò ní tan yín. Ilé kan ṣoṣo la ní. Bí omi bá ya wọ àdúgbò yìí tàbí iná bá jó wa, kò sí ibòmíràn lọ́wọ́ wa. Ẹ ní kí ọmọ yín fi ẹ̀dà kejì sí Èkó.” Ta ló ń sọ àìpé ọjà ara rẹ̀ fún oníbàárà? Mo sọ fún Olúsọjí nínú ọkọ̀ pé ẹni tí a ń wá nìyẹn. Ó ní òun náà rí i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tèmi ni pé kí ilé Challenge gbé e, kí Èkó gbé ẹ̀dà rẹ̀. Ìwọ lo máa pinnu.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà yẹn. Àga wọn ṣófo. Mo gbé ọbẹ̀ ránṣẹ́, ìyàwó wọn ló gbà á.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka èyí.

Ó ti parí. Bí ẹ ṣe sọ gan-an ni mo ṣe é. Olúsọjí jókòó sí Challenge pẹ̀lú Ẹńjíníà Peculiar, èmi jókòó síbí, a ń da fáìlì kọ ní ẹyọ ní ẹyọ. Lẹ́yìn náà, a fi tuntun wé ti àtijọ́, a rí i pé kò sí ìyá kan tàbí ọmọ kan tó sọnù. Ẹ̀dà kejì ti wà ní Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá sí Challenge, wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò, wọ́n béèrè ohun tó ju èyí tí ẹ béèrè lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí wọ́n pa iná. Wọ́n ti fún wa níṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Èmi fúnra mi ni mo pa ti Ireland rẹ́. Mo rò pé ẹ̀rù máa bà mí. Kò bà mí. Mo mọ ibi tí wọ́n wà.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn obìnrin Agbowó, ibi tí fáìlì wọn wà tẹ́lẹ̀ àti ibi tó wà báyìí. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí Olúsọjí tẹ tirẹ̀ jáde sórí ìwé fún kílíníìkì, kó sì pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́.

Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Dádì Jẹ́ríkò. Wọ́n kà á, wọn kò dáhùn.

Ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín,
Bọ́láńlé.


Bódìjà,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹjọ, 2025.

Bọ́láńlé ọmọ mi,

O kú iṣẹ́. Orí rẹ pé. Mo ka lẹ́tà rẹ fún bàbá rẹ níwájú àwòrán rẹ̀, má rẹ́rìn-ín.

Mo lọ sí Agbowó ní ọjọ́ aboyún. Mo dìde, mo sọ ọ́. Mo ní, “Mo sọ fún yín nígbà kan pé fáìlì yín kò kúrò nílé yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè òkun ló wà. Kò sí ẹni tó kà á, ó sì ti dé Challenge báyìí, mo ti fọwọ́ kan àpótí tó gbé e. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ́, kó sọ.” Islamiat ló dìde. Ó ní, “Mátírọ̀nù, ẹ pa tèmi rẹ́.” Mo ní ó dáa. Àwọn méjì míì náà ní bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ní kí tiwọn wà. Nígbà tí mo ń lọ, Islamiat sìn mí dé títì, ó bá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó ní inú kò bí òun sí mi, pé ó kàn wu òun kí tòun wà lórí páálí ni. Mo sọ fún un pé fáìlì rẹ̀ ni. Olúsọjí ti ṣe é lójú rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ̀wé ní àárọ̀ Ajé ni pé ẹ̀gbọ́n mi wá lánàá. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Wọ́n mu ún tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, “Fọláwùmí, mo ti ní kí wọ́n dá iṣẹ́ tuntun dúró ní Dùgbẹ̀. Àyànkúnlé ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ní kó máa lọ sílé. Àwọn kan wà tí nǹkan wọn wà lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n rò pé Ìbàdàn ló wà. Iléèwé kan wà ní Mọ́kọ́lá, orúkọ ọmọ, àdírẹ́sì òbí, gbogbo rẹ̀. Ojú mi ni ìyá tó ni iléèwé náà wò tó fi kó o wá. Mo fẹ́ lọ sọ fún un. Mo ti dé ẹnu géètì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún yí ọkọ̀ padà.”

Mo gba ife omi lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní, “Ìwọ, báwo lo ṣe sọ tìrẹ fún àwọn obìnrin yẹn?”

Mo ní, “Mo kàn dìde ni, sà. Mo sì sọ ọ́.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n dìde, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Wọn kò wo ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ní, “Bí mo bá wá ní àárọ̀ ọ̀la, ṣé o lè bá mi lọ?”

Bọ́láńlé, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì bẹ̀ mí ní ohun kankan rí. Àwọn ni wọ́n máa ń ṣe é fún wa.

Ọkọ̀ wọn ti wà níwájú ilé báyìí, wọ́n ti fun fèrè. Mo ti wọ bàtà. N ó jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n má bàa rí ibi yí ọkọ̀ padà sí.

Ìyá rẹ,
Fọláwùmí.